AF nínú òkùnkùn: kámẹ́rà wo ló ń rí fókọ́ọ̀sì mú, ta ni kó sì ra èwo?

Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, fókọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ já ayafọ́tò kulẹ̀. Èérún tí ISO gíga (ISO ni ètò tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó) ń kó wá ṣe é dín kù lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò tó ṣókùnkùn ṣe é tàn sí i. Ṣùgbọ́n tí fókọ́ọ̀sì bá ti bọ́ sórí ògiri ẹ̀yìn dípò ojú ẹni tó dúró níwájú, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá ojú náà padà dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú iná tín-ín-rín fi gbọ́dọ̀ wo agbára AF, ìyẹn fókọ́ọ̀sì aládàáṣe, kó tó wo iye píksẹ́lì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà ńláńlá sára páálí, láti sọ bí òkùnkùn ṣe lè jinlẹ̀ tó kí AF ṣì ṣiṣẹ́: −4 EV, −6.5 EV, −10 EV (EV ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òkùnkùn ń jinlẹ̀). Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọjà wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn nìkan lè san owó gọbọi, kó wá rí i pé lẹ́ǹsì tó so mọ́ kámẹ́rà náà ló ń dá a dúró. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ni pé lẹ́ǹsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fowó sí, kí wọ́n tó pààrọ̀ kámẹ́rà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

EV ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a ó máa lò. EV 0 ni ìmọ́lẹ̀ tó máa gba ìṣẹ́jú-àáyá 1 ní f/1.0 pẹ̀lú ISO 100 kí fọ́tò tó mọ́lẹ̀ tó. Nọ́ńbà f ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó: bó bá ṣe kéré, bẹ́ẹ̀ ni ojú náà ṣe fẹ̀ tó. Ní gbogbo ìgbà tí EV bá fi ẹyọ kan sọ̀ kalẹ̀, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, àárín −4 àti −6 jìnnà síra ju bó ṣe rí lójú lọ: ìmọ́lẹ̀ tó wà ní −6 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti −4.

Kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín lè sọ EV ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ gbé e sí ISO 6400 àti f/2.8, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ wo àkókò ṣọ́tà, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lórí sẹ́ńsọ̀, tí mítà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ bá béèrè. Tó bá ní 1/30, EV 2 lẹ wà. 1/8 jẹ́ EV 0. 1/2 jẹ́ −2. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 jẹ́ −4, ìṣẹ́jú-àáyá 8 sì jẹ́ −6. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ sábà máa ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo kámẹ́rà tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé òkùnkùn biribiri ni òun ń bá jà máa ń rí i pé EV 1 tàbí 2 lòun wà, ibi tí kámẹ́rà àtijọ́ pàápàá kò yẹ kó ti kùnà. Ilẹ̀ tí òṣùpá kíkún tàn sí máa ń wà ní nǹkan bíi −2 sí −3. Tó bá kọjá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ nìkan ló kù.

Bí AF ṣe lè rí nínú òkùnkùn tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a ó wò. Ìkejì ni bó ṣe dájú tó: nígbà tí kámẹ́rà bá fi àmì aláwọ̀ ewé hàn pé òun ti mú un, ṣé òótọ́ ni? Ìkẹta ni bó ṣe yá tó. Ìkẹrin ni bóyá ó lè tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn. Ìkarùn-ún ni ohun tí yóò náni, lẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Ní ibi tí kò ti yẹ kí iná kankan tàn sí ojú ènìyàn, bíi ibi ìjọsìn, ìtàgé tàbí ibi tí ọmọ ọwọ́ ti ń sùn, ẹ tún ní láti bi ara yín bóyá kámẹ́rà náà lè ṣiṣẹ́ láìtan iná ìrànwọ́.

Nọ́ńbà ara páálí, àti bí a ṣe ń kà á

Tí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ −6.5, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kámẹ́rà náà rí fókọ́ọ̀sì mú nínú ipò tó dára jù lọ: ojú AF kan (ibi kan nínú férémù tí AF ń wò) láàárín gbùngbùn, AF ẹlẹ́ẹ̀kan (èyí tó ń mú fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró síbẹ̀), ohun tí dúdú àti funfun rẹ̀ yàtọ̀ gédégédé, àti lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Lẹ́ǹsì ìdánwò yìí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà náà sinmi lé. Canon àti Nikon ń lo f/1.2. Sony ń lo f/2. Fujifilm lo lẹ́ǹsì XF 50mm f/1.0 fún X-T5. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín f/1.2 àti f/2 tó EV kan àbọ̀, láàárín f/1.0 àti f/2, EV méjì gbáko ni. Tí a bá sọ gbogbo wọn di f/2, ohun tí a rí nìyí:

| Kámẹ́rà | Ọdún | Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ | Lẹ́ǹsì ìdánwò | Tí a bá sọ ọ́ di f/2 |
|---|---|---|---|---|
| Canon EOS R6 Mark II | 2022 | −6.5 | f/1.2 | −5 |
| Nikon Z8 | 2023 | −7. −9 tí a bá tan Starlight View (ètò Nikon fún òkùnkùn) | f/1.2 | −5.5; −7.5 |
| Nikon Z6III | 2024 | −10 | f/1.2 | −8.5 |
| Sony A7 IV | 2021 | −4 | f/2 | −4 |
| Sony A7S III | 2020 | −6 | f/2 | −6 |
| Fujifilm X-T5 | 2022 | −7 | f/1.0 | −5 |
| OM System OM-1 | 2022 | −8 | f/1.2 | −6.5 |

Òpó tó kẹ́yìn jẹ́ ìṣirò lásán, kì í ṣe ìdánwò, ẹ má sì gbé e lé orí bí òfin. Síbẹ̀ ó tú àṣírí kan: A7S III tó dà bíi pé R6 Mark II fi ìdajì EV jù lọ, òun gan-an ló ṣáájú nígbà tí lẹ́ǹsì bá dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni X-T5 tó kọ −7 kò ju R6 Mark II tó kọ −6.5 lọ.

DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí nínú

Nínú DSLR, dígí máa ń darí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ lọ sí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ AF nìkan ló sì wà fún. Phase detection ló ń ṣe: ó ń wo ohun kan náà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́ǹsì, ó ń fi àwòrán méjèèjì wéra, ó sì máa ń mọ ìhà tí lẹ́ǹsì yẹ kó yí sí àti bí yóò ṣe yí tó. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lọ ságbègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìṣiyèméjì, tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì wà ní EV 0 sókè.

Nikon D850 àti D500 dé −4, ṣùgbọ́n ojú AF tó wà láàárín gbùngbùn nìkan ló dé ibẹ̀. Canon 5D Mark IV dé −3. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ gbùngbùn yẹn dáadáa, torí pé ẹni tó bá ń lo ojú AF ẹ̀gbẹ́ nínú òkùnkùn yóò máa bínú sí kámẹ́rà rẹ̀ láìnídìí. Ẹ fi ti àárín mú ojú ẹni náà, kí ẹ di bọ́tìnì mú ní ìdajì, kí ẹ tún férémù ṣe, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Lẹ́ǹsì f/1.2 kò fi bẹ́ẹ̀ kún agbára sẹ́ńsọ̀ yìí bó ṣe ń kún ti kámẹ́rà aláìnídígí (mirrorless), èyí tó ń fi sẹ́ńsọ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀ wá fókọ́ọ̀sì, nítorí pé apá kan pàtó lára ẹnu lẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́ ọ láti máa wò, f/2.8 tàbí f/5.6. Àìsàn rẹ̀ kejì ni pé ọ̀tọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wá fókọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń ya fọ́tò. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá gùn dọ́gba géérégé, fókọ́ọ̀sì á máa bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Iná pupa-rúsúrúsú ti gílóòbù àtijọ́ lè yí ibi tó ń bọ́ sí padà ju ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe nínú mẹ́nù, ẹ ṣe àtúnṣe náà lábẹ́ irú iná tí ẹ máa lò.

Àǹfààní DSLR tó ṣòro láti rí níbòmíràn ni fíláàṣì tó ń ta ìlà pupa. Ìlà yìí máa ń tẹ àwòrán sára ojú tí kò ní àmì kankan, AF á sì rí ohun dì mú, kódà nínú yàrá tí iná ti kú pátápátá, bí ẹni náà bá wà ní mítà díẹ̀ sí yín. Kámẹ́rà aláìnídígí kì í sábà lè lo ìlà yẹn: àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí), gíláàsì àṣẹ́ tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ sì ń dí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àlòkù DSLR dáadáa pẹ̀lú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ kò wọ́n mọ́, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ gidi fún ẹni tó ń ya ayẹyẹ alẹ́ tó gba fíláàṣì.

Canon aláìnídígí

Láti orí EOS 70D ti ọdún 2013 ni Canon ti ń lo Dual Pixel: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ AF, lẹ́yìn náà wọ́n á para pọ̀ di fọ́tò. Nítorí pé gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ibi tí AF lè dì mú gbòòrò, ó sì dájú. R6 Mark II, àti R8 tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ tí owó rẹ̀ rọjú, ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó ń ya ènìyàn láàárín EV 2 sí −3, torí pé wọ́n ṣì ń rí ẹyinjú mú níbi tí ojú yín fúnra yín ti ń ṣiyèméjì.

Ẹ wo ohun kékeré kan báyìí. Ọkùnrin kan wọ kóòtù dúdú lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, iná kan ṣoṣo wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fi ojú AF sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lẹ́ǹsì á máa lọ á máa bọ̀. Tí ẹ bá sún un sí ibi tí etí kóòtù ti pàdé funfun ṣẹ́ẹ̀tì, lójú kan náà ló máa dì í mú, torí pé ìlà tó dúró lóòró wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá sún un sórí ìlà tó dùbúlẹ̀, bíi etí tábìlì tàbí àtẹ̀gùn, ó lè má rí nǹkan kan rárá. Ohun tó fà á ni pé ìdajì píksẹ́lì méjèèjì wà ní ọ̀tún àti òsì, kò sí ti òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ yí kámẹ́rà díẹ̀, kó dà bí ẹni dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ẹ mú fókọ́ọ̀sì, kí ẹ tún un gbé dúró. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aláìnídígí ló ní àléébù yìí, kì í ṣe ti Canon nìkan. EOS R1 ti ọdún 2024 àti OM-1 ti borí rẹ̀ nípa wíwo ìhà méjèèjì.

Nikon Z

Ẹni tó bá gbọ́ pé AF Z6 ti ọdún 2018 ń jáfara nínú òkùnkùn kò gbọ́ irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Zf, Z6III àti Z5II kọ −10 gbogbo wọn, Z5II sì ni èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù nínú wọn. Bí ẹ bá ń wo iye tí ẹ máa san àti bí AF ṣe ń jinlẹ̀ tó pa pọ̀, Z5II ṣòro láti borí.

Ẹ má retí pé −10 á yá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń dín kù, kámẹ́rà aláìnídígí ní láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó ka sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà AF máa ń falẹ̀. Nísàlẹ̀ −6, mímú fókọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan lè gba ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Starlight View lórí Z8 àti Z9 wà fún ohun tó dúró jẹ́ẹ́: òkè, ilé, igi lábẹ́ ìràwọ̀. Ẹ má tan án nígbà tí ènìyàn bá ń jó níwájú yín.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ẹni láàmú lórí Z ni pé kámẹ́rà náà máa ń mú fókọ́ọ̀sì ní iye f tí ẹ bá yàn, títí dé f/5.6. Ẹni tó ra lẹ́ǹsì f/1.8 tó wá gbé e sí f/5.6 nítorí pé fíláàṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ju EV mẹ́ta lọ lọ́wọ́ AF. Bí AF bá ń rìn gbéregbère, ẹ ṣí lẹ́ǹsì sí f/1.8 tàbí f/2 kí ẹ tó dá fíláàṣì lẹ́bi.

Sony

Nọ́ńbà Sony kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdí rẹ̀ nínú tábìlì òkè. Ibi tí Sony ti dára jù ni títẹ̀ lé ẹni tó ń rìn nínú EV 3 sí −1, ìyẹn gbọ̀ngàn ijó, ìtàgé àti òpópónà alẹ́. A7 IV tó fún iṣẹ́ yẹn. A7S III jẹ́ ohun èèlò ọ̀tọ̀: mẹ́gápíksẹ́lì 12 péré ló ní, píksẹ́lì rẹ̀ sì tóbi. Ẹni tó ń ya fídíò nínú òkùnkùn ni wọ́n ṣe é fún, AF rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé ènìyàn láìgbọ̀n níbi tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà mìíràn ti ń ṣàárẹ̀. Ẹni tó ń tẹ fọ́tò ńlá kò ní fẹ́ iye píksẹ́lì tó kéré yẹn.

Lórí A1 àti A7 IV, ẹ wá ètò Aperture Drive in AF nínú mẹ́nù, kí ẹ gbé e sí Focus Priority. Kámẹ́rà á wá máa ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ nígbà tó bá ń wá fókọ́ọ̀sì. Ó lè pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Fujifilm, OM System àti Panasonic

Sẹ́ńsọ̀ Fujifilm X kéré ju ti àwọn tó ṣáájú lọ, ti OM System tún kéré sí i. Èyí ò sọ pé AF wọn burú. Fún ẹni tó ní lẹ́ǹsì f/1.4 tàbí f/1.2 tiwọn, X-T5 àti OM-1 ń mú fókọ́ọ̀sì nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré gan-an. Ohun tó máa kọ́kọ́ bà jẹ́ ni fọ́tò fúnra rẹ̀, torí èérún ISO gíga máa ń yára pọ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré.

OM-1 ní Starry Sky AF, tí Olympus (orúkọ tí OM System ń jẹ́ tẹ́lẹ̀) kọ́kọ́ gbé jáde lórí kámẹ́rà E-M1 Mark III ní ọdún 2020. Ó ń fi AF mú ìràwọ̀, iṣẹ́ tí àwọn yòókù ṣì ń fi ọwọ́ ṣe jù lọ. Bí ojú ọ̀run alẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ àpò tó fúyẹ́, ẹ wò ó dáadáa.

Panasonic lo contrast detection fún ọ̀pọ̀ ọdún. Contrast detection kò mọ ìhà tí yóò yí sí. Ó ń yí lẹ́ǹsì, ó ń wò ó bóyá ojú ibẹ̀ ń mọ́ sí i, tó bá kọjá á padà. Nínú fídíò alẹ́, lílọ àti bíbọ̀ yìí máa ń hàn gbangba. S5 II ti ọdún 2023 ló mú phase detection wọ ìdílé náà. Bí ẹ bá fẹ́ Panasonic fún òkùnkùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.

Fóònù

Fóònù ní àbùkù sẹ́ńsọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó ń gbè é: ibi tó mọ́ kedere níwájú àti lẹ́yìn fókọ́ọ̀sì gùn púpọ̀, nítorí náà àṣìṣe kékeré kì í hàn. Àwọn tó ní laser AF tàbí LiDAR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn ìjìnnà, kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. iPhone 12 Pro ti ọdún 2020 ló kọ́kọ́ ní LiDAR láàárín iPhone, ó sì ń wọn nǹkan dé nǹkan bíi mítà 5. Gíláàsì fèrèsé, dígí àti aṣọ dúdú kirikiri máa ń da irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ rú, torí pé iná rẹ̀ kì í padà bó ṣe yẹ.

Ẹ má fi lẹ́ǹsì ìfàsúnmọ́ fóònù yàwòrán nínú òkùnkùn. Ojú rẹ̀ kò fẹ̀ tó ti lẹ́ǹsì àgbà, ọ̀pọ̀ fóònù sì máa ń dákẹ́ yọ́ padà sórí lẹ́ǹsì àgbà, kí wọ́n gé fọ́tò náà kó lè dà bíi pé ó sún mọ́ yín. Ẹ rìn sún mọ́ ọn fúnra yín.

Lẹ́ǹsì: ibi tí owó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù

Ẹ jẹ́ kí á mú R6 Mark II tó kọ −6.5, kí á so lẹ́ǹsì ìfàsúnmọ́ tó dé f/5.6 mọ́ ọn. Láàárín f/1.2 àti f/5.6, ó ju EV mẹ́rin lọ. Kámẹ́rà tó kọ −6.5 ti di kámẹ́rà −2. Ẹni tó bá so 50mm f/1.8 mọ́ kámẹ́rà tí agbára AF rẹ̀ fi EV méjì kéré sí i yóò ṣì borí ẹni yẹn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ló ní 50mm f/1.8 tàbí ohun tó jọ ọ́, òun sì ni lẹ́ǹsì tí owó rẹ̀ máa ń rọjú jù láàárín lẹ́ǹsì tí ojú wọn fẹ̀. f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ ti f/4, àti ìlọ́po mẹ́rin ti f/2.8.

Fífẹ̀ ojú lẹ́ǹsì ní owó orí tirẹ̀. Ní mítà 2, lẹ́ǹsì 85mm ní f/1.4 lórí sẹ́ńsọ̀ kíkún (full frame) kò fún yín tó sẹ̀ǹtímítà 5 tó mọ́ kedere. Tí fókọ́ọ̀sì bá bọ́ sí imú, etí ti lọ, ẹyinjú pàápàá lè má yè é. Nítorí náà, lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ń ran AF lọ́wọ́, ó sì tún ń béèrè pé kí AF má ṣe àṣìṣe. Ibi tí mo rò pé ó dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni f/1.8: ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, gíláàsì tí kò wúwo, mọ́tò tó yá.

Ìwúwo gíláàsì ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Canon EF 85mm f/1.2L II ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ ń ti gíláàsì ńlá, ó sì falẹ̀ gidi. Tó bá sọnù lẹ́ẹ̀kan nínú òkùnkùn, ẹ máa dúró kó tó padà. Bí lẹ́ǹsì yín bá ní bọ́tìnì tó ń dín ibi tí fókọ́ọ̀sì lè rìn dé kù, ẹ lò ó. Ẹni tó wà ní mítà 4 sí yín kò nílò kí lẹ́ǹsì lọ wá a ní ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú kámẹ́rà.

Iná ìrànwọ́ àti LiDAR ẹ̀gbẹ́

Iná kékeré tó wà níwájú kámẹ́rà ń ṣe iṣẹ́ dé nǹkan bíi mítà 3, ó sì sábà máa ń tàn nínú AF ẹlẹ́ẹ̀kan nìkan. Lẹ́ǹsì ńlá tàbí fìlà lẹ́ǹsì lè dí i, kí ẹ má sì mọ̀. Ẹ yọ fìlà náà, kí ẹ wo ògiri, kí ẹ rí i bóyá òjìji lẹ́ǹsì bo àárín. Tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ dára ju iná yẹn lọ: ó tàn án sí ẹni náà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ mú fókọ́ọ̀sì, ó pa á, ẹ tẹ bọ́tìnì.

Fún fídíò pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí a ń fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀, DJI ní ẹ̀rọ LiDAR tó ń fi mọ́tò yí òrùka lẹ́ǹsì. Kò nílò ìmọ́lẹ̀ kankan láti mọ ìjìnnà. Ó wọ́n, ó wúwo, ó sì gba kí ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ló yẹ fún.

Ọwọ́ ara ẹni

Nísàlẹ̀ −6, fún ohun tí kò ń rìn, mo gbà pé ọwọ́ ló dájú jù. Ẹ gbé kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣí lẹ́ǹsì tán, gbé ISO sókè kí ojú ìwòran lè mọ́lẹ̀, kí ẹ sún àwòrán náà mọ́ ní ìlọ́po 10. Ẹ wá ìràwọ̀ tó tàn jù tàbí iná kan lọ́nà jíjìn. Ẹ yí òrùka títí àmì iná náà yóò fi kéré jù, kọjá á díẹ̀ títí yóò fi tún tóbi, kí ẹ tó padà sẹ́yìn. Kíkọjá yẹn ló ń fi hàn yín pé ẹ ti dé ibi tó kéré jù lóòótọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì ibi tó jìnnà jù lára òrùka, torí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì AF máa ń yí kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa AF, ẹ lẹ òrùka mọ́lẹ̀ bó bá ṣe é ṣe. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tuntun ń fi iná bátìrì yí fókọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá pa kámẹ́rà, ibi tí ẹ fi í sí lè sọnù. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé lẹ́ǹsì tiyín lọ, kì í ṣe lẹ́ǹsì tí olùtajà fẹ́ kí ẹ fi dán an wò. Nínú yàrá tí ẹ ti wọ̀n ní EV 0 àti lẹ́yìn náà ní −3, ẹ fi ìwé tí a tẹ ọ̀rọ̀ sí sí ìjìnnà mítà 2. Ẹ da fókọ́ọ̀sì rú nípa yíyí i sí ibi tó sún mọ́ jù, kí ẹ tẹ AF. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, lẹ́yìn náà ẹ dà á rú sí ibi tó jìnnà jù, kí ẹ tún ṣe ìgbà 10. Ẹ ka iye ìgbà tí àmì ewé yọ, kí ẹ sì sún fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ́ lórí kọ̀ǹpútà láti ka iye tó mọ́ kedere lóòótọ́. Ìyàtọ̀ láàárín iye méjèèjì ni irọ́ tí kámẹ́rà ń pa. Kámẹ́rà tó sọ pé òun kò rí i dára ju èyí tó sọ pé òun rí i tí kò sì rí i.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó àti ayẹyẹ alẹ́ pẹ̀lú fíláàṣì, tí owó rẹ̀ kò tó, kó mú àlòkù DSLR tí ojú AF àárín rẹ̀ dé −3 tàbí −4, kó sì ra fíláàṣì tó ń ta ìlà pupa. Ẹni tó ń ya ènìyàn láìlo fíláàṣì, kó mú R8, Z5II tàbí R6 Mark II pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/1.8. Láàárín wọn, bí òkùnkùn yín bá jinlẹ̀ ju −4 lọ nígbà gbogbo, Z5II ni.

Ẹni tó ń ya ijó, ìtàgé tàbí ohun tó ń sáré, A7 IV tàbí R6 Mark II ni kó wò, kó sì fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì f/2.8 tàbí f/1.8 tí mọ́tò rẹ̀ yá. Ẹni tí fídíò alẹ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, A7S III. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ pẹ̀lú àpò tó fúyẹ́, OM-1. Bó bá fẹ́ sẹ́ńsọ̀ kíkún, kámẹ́rà èyíkéyìí tó lè sún àwòrán ojú ìwòran mọ́ ní ìlọ́po 10 ti tó, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹni tó ti ní kámẹ́rà tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó bá a wá nínú páálí, kó má tíì ra kámẹ́rà kankan. Kó ra 50mm f/1.8, tàbí 35mm f/1.8 bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá kéré, kó tún ìdánwò ìgbà 10 yẹn ṣe, kó tó pinnu.